Ọ̀bọ Tí A Rò Pé Ó Ń Rẹ́rìn-ín

Iṣẹ́ ládánì ni mò ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Yàtọ̀ sí kéwú, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀bọ àti ìnàkí ni mo mú wá lónìí, ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ni ó sọ mí di ọmọ ilé-ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Owó tí mo san níbẹ̀ kò sì kéré, nítorí ọwọ́ ọmọ mi ni mo fi san án.

Ní ọdún 2013, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Iléyá, mo ń ti ìrìn-àjò bọ̀. Ọkọ̀ wa dúró lójú títì márosẹ̀, níbi tí àwọn ọdẹ ti máa ń ta ẹran ìgbẹ́. Òyà wà níbẹ̀, ẹtu wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran tí wọ́n ti yan ni ọmọkùnrin kan dúró sí, ó gbé ọmọ ọ̀bọ kan dání, ó so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí. Ẹran náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Ó di apá ọmọkùnrin náà mú pinpin bí ẹni pé odò ni ó fẹ́ gbé e lọ. Mo ronú kan àwọn ọmọ mi nílé, mo san owó, mo gbé e. N kò bèèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, àwọn ọmọ hó yèè. Ìyá wọn kò hó. Ó wo ọ̀bọ náà, ó wò mí, ó ní, "Alfa, ẹran tí ó ní ọwọ́ bí ọmọ ènìyàn yìí, ṣé ilé wa ni ó yẹ kí ó máa gbé?" Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Àwọn obìnrin a máa rí nǹkan kí àwa ọkùnrin tó rí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa ni ó máa ń ṣẹ nínú ilé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà wa sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

A sọ ọ́ ní Lágídò. Irú ọ̀bọ tí ó ní àmì funfun méjì ní ìbàdí ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún ìrù, ọ̀kan lósì. Irú rẹ̀ ń gbé láti ilẹ̀ Gánà títí dé Kamẹrúùnù, àwọn tí ó bá sì ti dé ọgbà ìpamọ́ ẹranko ní Lẹ́kí ní Èkó yóò ti rí wọn lórí igi. Àwọn ọkọ̀ ẹrú tilẹ̀ kó wọn dé erékùṣù Grenada láyé àtijọ́, wọ́n sì ti bí sí i níbẹ̀.

Kí n má parọ́, ọgbọ́n ẹran yìí dùn mọ́ wa. Bí a bá fún un ní ẹ̀pà, kò ní jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò kó o pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn, yóò wá lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, yóò máa yọ ọ́ jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ìrìn ẹsẹ̀ olúkúlùkù wa. Bí mo bá wúkọ́ ní òru láti lọ pe ìrun àsùbáà, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dá mi lóhùn nínú ilé, ṣáájú ìyàwó mi. Ó tún mọ ẹni tí ó jẹ́ àgbà àti ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé láàrin wa. Ó ń já àkàrà gbà lọ́wọ́ àwọn kékeré, ṣùgbọ́n kò jẹ́ na ọwọ́ sí oúnjẹ ìyá wọn láéláé.

Èyí tí ó wá dùn mọ́ àdúgbò jù ni pé Lágídò ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pè é. Àwọn ọmọ àdúgbò yóò tò síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ilé-kéwú, wọn yóò tẹjú mọ́ ọn, wọn yóò fi eyín hàn án, òun náà yóò fa ètè sẹ́yìn, gbogbo eyín rẹ̀ yóò hàn funfun. Wọn yóò pariwo pé, "Lágídò ń rẹ́rìn-ín o!" Nígbà mìíràn a tẹjú mọ́ wọn, a la ẹnu, a máa mi orí sókè sódò. A ní ijó ni ó ń jó, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ a yán gbàù láìsí pé ilẹ̀ ṣú, eyín ńlá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a yọ síta. A ní oorun ń kùn ún. Èmi fúnra mi ti pe àlejò láti ìlú mìíràn wá wo ọ̀bọ tí ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2015, ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àílà, mo jókòó lórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin mi tí ó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, mú àgbàdo sísè lọ fún Lágídò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú ọ̀bọ. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀bọ tẹjú mọ́ ọn, ó la ẹnu, ó mi orí sókè sódò. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn, ó tún sún mọ́ ọn sí i. Ọ̀bọ fà sẹ́yìn títí okùn fi lé pin, kò rí ibi tí yóò gbà mọ́, ó sì fi eyín hàn. Ọmọ náà wẹ̀yìn wò mí bí ẹni tí ń bèèrè nǹkan. Mo ní, "Má bẹ̀rù, ó ń bá ọ ṣeré ni."

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Kò tíì jáde tán tí ẹran náà fi bù ú jẹ ní ọwọ́ ọ̀tún, láàrin àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e, tí eyín sì wọlé dé egungun.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ṣe, nítorí ó lè wúlò fún yín lọ́jọ́ kan. Àwọn ará ilé ń sọ pé kí a da epo ọkọ̀ sí i, ẹnì kan ní kí a jó irun ọ̀bọ náà kí a fi eérú rẹ̀ di ojú ọgbẹ́. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó gbé ọmọ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà nínú omi tí ń ṣàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú 15, bí ọmọ ti ń ké tó. Ó ti gbọ́ ọ rí, nígbà tí ajá bu ọmọ aládùúgbò wa jẹ, pé omi àti ọṣẹ ni ohun àkọ́kọ́, pé ọ̀bọ náà lè kó àrùn dìgbòlugi ran ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ajá, àti pé ẹni tí àrùn náà bá ti hàn lára rẹ̀ kì í sábà yè é. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé kò ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó rí ibi tí ó wà. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, a lọ, a bọ̀, a tún lọ. Ọlọ́hun yọ wá. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ọmọ mi kò tẹ̀ dáadáa mọ́ di òní, bí ó bá sì mú kálàmù láti kọ wàláà, ẹ óo rí i pé ó ń wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ìbá dára bí ó bá jà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ̀yin ni ẹ sọ fún un pé ó ń bá a ṣeré." Ọjọ́ mẹ́ta ni kò tún fi sọ nǹkan mìíràn fún mi ju kí ó kí mi kí ó sì gbé oúnjẹ wá.

Ní ọjọ́ kẹrin mo mú àdá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ti gbọ́, ó wá kí wa, ó sì bá mi ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Kí ni ó ṣe kí ó tó bù ú jẹ?" Mo sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan, ó ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì kàn bù ú jẹ lójijì. Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Bàbá, kò jó, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta."

A jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi. Láàrin ọ̀bọ, ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọ ń pè ọ́ níjà ni. Bí ó bá la ẹnu sí ọ tí ó ń mi orí sókè sódò, ó ń sọ pé kí o kúrò lọ́dọ̀ òun. Bí ó bá yán gbàù nígbà tí oorun kò kùn ún, ohun ìjà rẹ̀ ni ó ń fi hàn ọ́. Bí ó bá sì wá fa ètè sẹ́yìn tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn, tí kò rí ibi sá sí, ẹ̀rù ni ó ń bà á dé góńgó. Ìnàkí náà rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn tí kò ní ìrù. Ẹ ti rí àwòrán ìnàkí tí wọ́n wọ̀ ní ẹ̀wù àti fìlà, tí eyín rẹ̀ hàn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí a ń fi í pa ẹ̀rín. Ìbẹ̀rù ni ó wà lójú ẹran náà. Ẹ̀rín ìnàkí wà lótìítọ́, wọ́n a máa rín in bí wọ́n bá ń rín ara wọn ní gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn a máa là láìfi eyín òkè hàn, wọn a sì máa mí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, mo wo ẹ̀yìn wò. Ọdún méjì ni a fi ń pàtẹ́wọ́ fún ẹran tí ń bẹ̀ wá pé kí a fi òun sílẹ̀.

Mo bi ọmọ náà pé ta ni ó sọ fún wọn pé ọ̀bọ ń sọ̀rọ̀. Ó wá sọ ìtàn kan fún mi tí n kò gbàgbé láti ọjọ́ náà. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ọgbà ẹranko kan wà tí à ń pè ní Amboseli. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Thomas Struhsaker ṣàkíyèsí níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1967, pé igbe tí ọ̀bọ ibẹ̀ ń ké kì í ṣe ọ̀kan. Igbe ẹkùn yàtọ̀, igbe idì yàtọ̀, igbe ejò yàtọ̀. Àwọn kan ní ariwo ẹ̀rù lásán ni, pé bí ẹ̀rù bá ti tó ni igbe ṣe ń tó. Robert Seyfarth àti ìyàwó rẹ̀ Dorothy Cheney wá lọ síbẹ̀. Wọ́n gba ohùn àwọn ọ̀bọ náà sílẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ pamọ́ sínú igbó, wọ́n dúró di ìgbà tí kò sí ẹkùn, tí kò sí idì, tí kò sí ejò nítòsí, wọ́n wá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ké. Bí ó bá ké igbe ẹkùn, àwọn ọ̀bọ sá gun igi. Bí ó bá ké igbe idì, wọ́n wo òkè, wọ́n sì sá wọ abẹ́ igbó. Bí ó bá ké igbe ejò, wọ́n dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n ń wo inú koríko káàkiri. Wọn kò rí nǹkan kan, ohùn lásán ni wọ́n gbọ́, síbẹ̀ olúkúlùkù mọ ohun tí yóò ṣe. Àwọn méjèèjì àti Peter Marler ni wọ́n kọ èyí jáde ní 1980.

Èmi tí ohùn jẹ́ iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Kì í ṣe pé mo fi ìpè ìrun wé igbe ọ̀bọ, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn kan gbé ohùn sókè, kí ẹni tí kò rí i nínú yàrá rẹ̀ dìde kí ó bu omi àlùwàlá.

Àwọn ọmọ wọn pàápàá ń kọ́ ọ ni. Ọmọ ọ̀bọ kékeré lè rí ẹyẹ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára kí ó ké igbe idì, nígbà mìíràn ewé tí ń já bọ́ ni yóò rí. Àwọn àgbà yóò wo òkè. Bí kò bá sí nǹkan, wọn yóò máa jẹun wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ idì lóòótọ́, àgbà kan yóò gba igbe náà ké lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ilé-kéwú rí, ṣé ẹ kò rí Alfa tí ń tún álífù pè lẹ́yìn ọmọdé tí ó pè é dáadáa?

Nígbà tí ó sọ èyí ni mo rántí bàbá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ ni, kò mọ̀wé kankan. Èmi ni ó máa ń fi sí oko àgbàdo láti máa fi kànnàkànnà lé ọ̀bọ. Ọdẹ kan wà ní abúlé wa tí àwọn ọ̀bọ mọ̀ dáadáa, tí òun náà sì mọ̀ wọ́n. Bí Ògúngbè ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ààyá ń tiro. Àwọn ọ̀bọ kò ní wọ oko láìjẹ́ pé alóre wọn ti gun igi. Bí igbe bá ta nínú igbó, bàbá mi yóò wà lórí ebè tí ó ń kọ, kò ní gbé ojú sókè, yóò ní, "Jókòó jẹ́jẹ́, àwa kọ́ ni wọ́n rí, àṣá ni." Mo rò nígbà náà pé àwàdà ni ó ń ṣe. Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kà fún mi láti inú ìwé yìí, bàbá mi ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí ebè. Èmi tí mo lọ sí ilé-ìwé ni mo sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe Kẹ́ńyà nìkan o. Ní ilẹ̀ wa yìí, ní ọgbà Gashaka-Gumti tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà àti Adamáwá, ọ̀bọ kan wà tí ó dúdú, tí imú rẹ̀ funfun bí ẹni tí ó fi imú kan ẹfun. Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler lọ tẹ́tí sí wọn, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ jáde ní 2006. Akọ ńlá inú wọn a máa ké oríṣi igbe méjì. Ọ̀kan dún bí "pìáò", èyí ni ó máa ń ké léraléra bí ó bá rí ẹkùn. Èkejì dún bí "háàkì", tí ó jẹ́ ti idì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ké pìáò díẹ̀, tí ó sì fi háàkì díẹ̀ tẹ̀ lé e, kò jẹ́ ti ẹkùn mọ́, kò sì jẹ́ ti idì. Ó ti di "ẹ jẹ́ kí a máa lọ", gbogbo agbo yóò sì ṣí kúrò níbẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹran ìgbẹ́ ti fi ìpè méjì ṣe ẹ̀kẹta! Láti kékeré ni mo ti ń kà á nínú Súrà Al-An'ám pé ìjọ-ìjọ bí tiwa ni Ọlọ́hun dá àwọn ẹranko, mo sì kà á sórí dáadáa. N kò rò pé mo ti ronú sí i rí títí di ọjọ́ náà.

Àwa ọmọ ènìyàn, kàkà kí á kọ́ èdè wọn, tiwa ni a máa ń fẹ́ kọ́ wọn. Wọ́n mú ọmọ ìnàkí obìnrin kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà yìí lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó wà ní kékeré, wọ́n sọ ọ́ ní Washoe. Láti 1966 ni Allen Gardner àti ìyàwó rẹ̀ Beatrix, ní ìpínlẹ̀ Nevada, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ. Wọ́n ní ó mọ àmì tó ju 130 lọ kí ó tó kú ní 2007. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Herbert Terrace, kọ́ ìnàkí tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ní 1979 ó jáde wá sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ìnàkí ń ṣe jẹ́ àfarawé olùkọ́ wọn. Wọ́n sì ń jiyàn náà lọ. Èmi kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ju gbogbo àmì 130 náà lọ ni èyí tí Jane Goodall rí ní igbó Gombe ní Tanzania ní 1960, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó kọ́ ìnàkí ní ohunkóhun: ìnàkí já ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó re ewé ara rẹ̀ dànù, ó kì í bọ inú ọ̀gán, ó fi fa ikán jáde, ó sì jẹ ẹ́. Igbó tirẹ̀ ni ó wà, ọgbọ́n tirẹ̀ ni ó ń lò.

Ìyàwó mi ń gúnyán ní gbogbo ìgbà tí a ń sọ èyí. A rò pé kò gbọ́. Nígbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè tí n kò bi ọlọ́bọ ní ojú títì: "Bàbá, níbo ni ìyá rẹ̀ wà nígbà tí ẹ rà á?" N kò dáhùn. Ó ní ìyá ọ̀bọ kì í gbé ọmọ sílẹ̀, àyà ni ó máa ń gbé e mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ, ìyá ni yóò kọ́kọ́ yìnbọn fún. Bóyá ìyá Lágídò wà lára àwọn ẹran tí wọ́n yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni.

Ó tún sọ ohun mìíràn tí Cheney àti Seyfarth ṣe ní Amboseli. Wọ́n gba igbe ọmọ ọ̀bọ kan sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ké e láti inú igbó nígbà tí ọmọ náà kò sí lójú, tí ìyá rẹ̀ àti àwọn ìyá mìíràn jókòó pọ̀. Ìyá ọmọ yí ojú sí ibi tí igbe ti wá, èyí kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yòókù kò wo ibi igbe. Ìyá ọmọ náà ni wọ́n yíjú wò. Wọ́n mọ ọmọ ẹni tí ń ké.

Ọmọ odó dákẹ́. Ìyàwó mi jáde sí ẹnu ọ̀nà, iyán wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Lágídò fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Abiyamọ ni wọ́n, nígbà náà." Lẹ́yìn èyí ó kọjú sí mi, ó ní, "Alfa, ẹ má pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sùn níbí ju bí ó ti yẹ lọ."

Kò ṣe é tú sílẹ̀ sínú igbó, nítorí ẹran tí ó ti ọwọ́ ènìyàn dàgbà kò mọ ibi tí oúnjẹ wà, kò sì mọ ẹkùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa wá ọgbà ẹranko kan tí wọ́n ti ní irú rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n wá gbé e, mo wúkọ́ bí mo ti ń lọ pe ìrun àsùbáà, ó sì dá mi lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ní ìparí 2016 a lọ wò ó. Ọmọbìnrin mi ni ó ní kí a lọ, òun tí mo rò pé kò ní fẹ́ rí ọ̀bọ mọ́ láyé rẹ̀. Lágídò wà lórí igi nínú àgọ́ ńlá pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo lọ dúró ti irin, mo fẹ́ kí òun náà mọ̀ mí, mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó dìde lórí ẹ̀ka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sókè sódò.

Ọmọ mi fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fa ẹ̀wù mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má wò ó lójú bẹ́ẹ̀. Ẹ sì pa ẹnu yín dé, eyín yín ń hàn."

Mo pa ẹnu dé. Àwa méjèèjì jókòó sórí koríko, a kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, a ń wo ibòmíràn. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo yọ́jú wò. Lágídò ti padà lọ jókòó láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń tú irun ẹ̀yìn rẹ̀ wò fún un.